Ọ̀nà Olókùúta Tó Gun Òkè Sukur

 

Ẹ ó rántí pé nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti sáà kejì, a kọ nípa Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, a sì sọ pé UNESCO fi í kún àwọn ibi ogún àgbáyé ní 2005. Mo ń fi ìwé náà yangàn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tiwa ló ṣáájú tiyín." Mo ní, "Tiyín bí i ti ta?" Ó ní Sukur ni, ní 1999, àti pé òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo lọ bi tíṣà wa, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n tún ní ìpínlẹ̀ Adamawa tí súkúù wa wà yìí náà ni Sukur wà.

Ojú tì mí díẹ̀. Mo mọ ìtàn Òṣogbo tó jìnnà sí wa, mi ò sì mọ èyí tó wà nítòsí. Nígbà tí mo gbọ́ pé dádì ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ kí bàbá wọn lórí òkè Sukur lásìkò ìsinmi Àjíǹde, mo bẹ àwọn òbí mi kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Màmá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní agbègbè yẹn ni Boko Haram ti ṣọṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dádì mi pe dádì ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù kí wọ́n tó gbà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín: ọ̀nà kan tí wọ́n fi òkúta tò láti ẹsẹ̀ òkè dé orí òkè, ohun tí wọ́n ń gbé gbà á, àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Níbo ni Sukur wà?

Sukur wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Madagali, lápá àríwá Adamawa, lórí àwọn òkè Mandara. Mandara kì í ṣe òkè kan ṣoṣo o. Ọ̀wọ́ òkè ni, ó sì lọ títí wọ orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Láti Yola, a gba Gombi, a gba Hong, a dé Mubi, a kọjá Michika kí a tó dé Madagali. Àwọn sọ́jà dá wa dúró lójú ọ̀nà léraléra. Ọ̀rẹ́ mi, tí kì í dákẹ́ ní kíláàsì, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ nígbà tí a kọjá Michika.

Ọ̀rọ̀ ààlà ibẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé Madagali ti wà lára Nàìjíríà láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti dá a sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Jámánì ló kọ́kọ́ kà á mọ́ Kamẹrúùnù tiwọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín Kamẹrúùnù láàárín ara wọn, apá ibí yìí sì wá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní February 1961 ni wọ́n dìbò pé àwọn fẹ́ bá Nàìjíríà lọ, ó sì di June ọdún náà kí wọ́n tó dara pọ̀ mọ́ wa. Ẹ ò rí nǹkan! Nàìjíríà ti gba òmìnira kí Sukur tó di ti Nàìjíríà. Nítorí náà, ọ̀nà tí mo ń sọ yìí ṣẹ̀gbọ́n ààlà. Àwọn tó ń gbà á nígbà yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ Nàìjíríà tàbí Kamẹrúùnù. Òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Báwo ni ọ̀nà náà ṣe rí?

Ìsàlẹ̀ ni mọ́tò ti dúró. Ẹsẹ̀ la fi gun ìyókù.

Ẹ má rò pé títì ọlọ́dà ni o. Òkúta pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n tò síra wọn, èyí tí tíṣà jógíráfì wa ń pè ní granite. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú díẹ̀, wọ́n tò ó bí ẹni tẹ́ ẹní. Níbi tó bá ti ga sókè gan-an, wọ́n sọ ọ́ di àtẹ̀gùn. Àwọn ibì kan fẹ̀ débi pé àwa mẹ́ta ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ti ẹran ti fọ̀ wọ́n títí ojú wọn fi ń dán. Kò sí sìmẹ́ǹtì kankan níbẹ̀, kò sì sí amọ̀ láàárín wọn.

Bí a ṣe ń gòkè, èémí mi ń já, mo ń dúró sinmi, àwọn ìyá sì ń kọjá lára wa pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n kí wa, wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí mi. Dádì ọ̀rẹ́ mi ru iyọ̀, ọṣẹ àti ṣúgà dání fún bàbá wọn. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn lókè, ọ̀nà yìí náà ni wọn yóò gbé e gbà sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ọ̀nà náà kì í ṣe ohun àwòyanu nìkan. Wọ́n ṣì ń lò ó lójoojúmọ́.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, oko wọn wà ní ìpele-ìpele. Wọ́n fi òkúta ṣe ògiri kéékèèké yí ara òkè ká kí àgbàrá má bàa wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gbin ọkà bàbà sí i. Lókè ni ààfin wà. Hidi ni wọ́n ń pe ọba wọn. Òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri ààfin náà, ó sì ga ju àwọn abúlé lọ, ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rí gbogbo wọn nísàlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń gbé gbà á?

Irin ni. Láti ọ̀rúndún 17 ni Sukur ti lókìkí nípa irin, lábẹ́ ìdílé ọba tí wọ́n ń pè ní Dur. Àwa Yorùbá tí a mọ Ògún, ó yẹ kí a lè fi ọ̀rọ̀ tiwa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yọ irin náà. Dádì ọ̀rẹ́ mi ló sọ ọ́ fún mi ní Haúsá. Èmi ni mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀, tíṣà Yorùbá wa sì bá mi tún un ṣe.

Tí òjò bá rọ̀, àgbàrá máa ń kó iyanrìn dúdú kan wálẹ̀ látara àpáta. Iyanrìn yìí wúwo, irin ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, á lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á gbá a jọ, wọ́n á fọ̀ ọ́ kí ìdọ̀tí lè kúrò. Wọ́n á sun igi di èédú. Wọ́n á wá kó èédú àti iyanrìn náà sínú ìléru tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ẹni tó ń fẹ́ ẹwìrì á jókòó sókè, á máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ awọ tó bo ẹnu ẹwìrì náà, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Afẹ́fẹ́ á gba inú ọ̀pá amọ̀ kan wọ inú iná lọ láti òkè. Tí iná bá gbóná tó, ìdọ̀tí á yọ́ kúrò lára irin. Ìdọ̀tí tó yọ́ tó sì dì yẹn ni à ń pè ní ìdàrọ́. Ìdàrọ́ ṣì wà nílẹ̀ káàkiri ní Sukur. Mo mú ọ̀kan, ó dúdú, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ lára. Mo dá a padà síbi tí mo ti rí i, torí dádì ọ̀rẹ́ mi ní a kò gbọ́dọ̀ kó nǹkan kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni irin á kan alágbẹ̀dẹ. Ẹmú, owú, iná. Wọ́n á rọ ọ́ di ọkọ́, di ọ̀bẹ, tàbí di ọ̀pá irin. Ọ̀pá irin yìí, owó ni lágbègbè yẹn láyé àtijọ́. Wọ́n ń fi í ra nǹkan, wọ́n sì ń fi í san owó orí ìyàwó. Irin Sukur ń lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ń dé ilẹ̀ Borno.

Ẹ wá ro ó wò. Irin wúwo. Tí ẹ bá ru ú sórí nínú ẹrẹ̀ lára òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló máa yọ̀, ẹ ti dé ìsàlẹ̀ nìyẹn! Nítorí náà, ìlú tó ń ta irin kò lè ṣe kó má ní ọ̀nà tó dúró dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oníbàárà mọ̀, ọ̀tá náà mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Hamman Yaji tó jẹ́ olórí ní Madagali ń rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ kó ènìyàn lẹ́rú ní Sukur, wọ́n sì ń kó ẹran wọn pẹ̀lú. Kì í ṣe àhesọ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé ìrántí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1912. Ní 1927 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mú un.

Irin òyìnbó ló wá pa irin Sukur. Nígbà tí irin tó rọrùn láti rà kún ọjà, ta ni yóò tún máa sun èédú, tí yóò máa fẹ́ ẹwìrì? Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1960, wọ́n ti dáwọ́ ìyọrin dúró. Irin lọ, ọ̀nà kù.

Bí wọ́n ṣe ń to òkúta

Orí ọ̀nà náà gan-an la ti bá bàbá àgbà ọ̀rẹ́ mi. Àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan wà lọ́dọ̀ wọn. Àgbàrá àti màlúù ti tú ibì kan, wọ́n sì ń tò ó padà kí òjò tuntun tó dé. Mo kí wọn ní Haúsá, "Sannu da aiki," ìyẹn ni ẹ kú iṣẹ́ tiwa.

Bàbá di ọ̀rẹ́ mi mọ́ra. Wọ́n wá fi èdè wọn bá a sọ̀rọ̀. Sakun ni orúkọ èdè náà. Ọ̀rọ̀ wọn gùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi wo dádì rẹ̀. Kò gbọ́. Yola ló ti dàgbà, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ ní Haúsá pé, "Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kó òkúta wá."

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa rèé:

Àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í ti òkè bẹ̀rẹ̀. Òkúta ìsàlẹ̀ ló ń di tòkè mú. Tí tìsàlẹ̀ bá ṣí, gbogbo rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e.

Èkejì, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí ìdí òkúta lè jókòó sínú rẹ̀. Ojú tó tẹ́jú ló ń wà lókè, ikùn á wọlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á jẹ́ kó fi ẹ̀yìn ti òkè díẹ̀. Tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa tì í wọ inú òkè, kò ní tì í sísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n á fi òkúta kéékèèké há àlàfo tó wà láàárín àwọn ńlá, títí tí wọn kò fi ní mì mọ́.

Mo gbé tèmi kalẹ̀, inú mi dùn. Bàbá ní kí n fò lórí rẹ̀. Mo fò, ó mì. Wọ́n ní kí n yọ ọ́. Mo tún un tò, mo fò, ó tún mì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kò mì mọ́. Èékánná mi ti kan, ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo wá bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọn kò kúkú da sìmẹ́ǹtì sí i kí wáhálà tán. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá ní omi gbọ́dọ̀ ráàyè kọjá. Tí wọ́n bá dí gbogbo ojú àlàfo, omi á wá ọ̀nà gba abẹ́, á jẹ ilẹ̀, sìmẹ́ǹtì á sì sán. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe á ní láti fọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n kàn tò, bó bá tú, wọ́n á gbé òkúta yẹn náà, wọ́n á dá a padà. Wọ́n nawọ́ sí èyí tí mo ń bá jìjàkadì, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí bàbá tàwọn ti gbé e rí.

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá gbọ́ pé wọ́n tún ibi àtijọ́ kan ṣe, ohun tí mo máa ń rò ni pé kọngílá wá, ó ṣe é tán, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, ó parí. Ti Sukur kì í parí. Ọdọọdún ni òjò ń tú u, ọdọọdún ni wọ́n ń tò ó. Tí wọn kò bá tò ó fún ìgbà díẹ̀, ọ̀nà á di òkúta lásán.

Ìgbà tí wọn kò tò ó

Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ti dé rí. Ní 2014 ni Boko Haram gba Madagali. Nígbà tó di December ọdún náà, wọ́n gòkè wá sí Sukur. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Màmá rẹ̀ pọ̀n ọ́n sá, wọ́n sì fi Yola ṣe ilé láti ìgbà náà. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun rántí ni òórùn èéfín.

Bàbá àti àwọn mìíràn padà nígbà tí ogun rọlẹ̀. Bẹẹrẹ orí ilé ti jóná, igi àjà ti jóná, ṣùgbọ́n òkúta kì í jó. Wọ́n tún ilé mọ, wọ́n gé koríko tuntun, wọ́n bò ó. Lójú ọ̀nà, igbó ti hù láàárín òkúta, àwọn kan ti yẹ̀. Àwọn tó padà kò pọ̀ tó àwọn tó lọ. Àwọn náà ni wọ́n tò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá pe ọ̀rẹ́ mi jókòó. Wọ́n nawọ́ sí iná, wọ́n pè é ní Sakun. Ọ̀rẹ́ mi pè é tẹ̀ lé wọn. Wọ́n nawọ́ sí omi, sí òkúta, sí ìràwọ̀. Tó bá ṣì í, wọ́n á mi orí, wọ́n á tún un pè. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n yọ òkúta mi. Èmi náà gbìyànjú, ahọ́n mi kọ̀. Mi ò ní kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà síbí kí n má bàa kọ wọ́n ní ìkọkúkọ.

Mo rántí ìyá àgbà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà Kérésì tó kọjá, mo jí, mo kúnlẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "Ina kwana." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n bi màmá mi ní yàrá pé, "Ṣé ọmọ yìí ṣì gbọ́ ohun tí mò ń sọ báyìí?" Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn ní Sukur.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí là ń wá nínú ẹgbẹ́ Yorùbá ní gbogbo ọ̀sán Friday nígbà tí àwọn yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù, ìdáhùn mi nìyẹn.

Láti ìgbà tí a ti padà, ọ̀rẹ́ mi ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ Sakun sí. Ní gbogbo ọjọ́ àbẹ̀wò ló máa ń gba fóònù dádì rẹ̀ láti fi bá Bàbá sọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ dáadáa, mo ní kó bá mi béèrè bóyá òkúta mi ṣì wà níbẹ̀. Sakun ló fi béèrè. Ó gba àkókò, ó ń dúró, ó ń tún un sọ, ṣùgbọ́n kò fi Haúsá kún un.

Bàbá ní mẹ́ta ni mo tò lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ti yẹ̀, wọ́n ti dá a padà. Méjì dúró.